Eré ìdárayá wo ló yẹ awakọ̀ tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Awakọ̀ èrò ni mí, Òṣòdì sí Ìkòròdú ni mo ń ná. Mo ti ń gbìyànjú láti jáwọ́ nínú sìgá. Tó bá ti ń wù mí fà, màá fẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ yí gáréèjì ká fún bí ìṣẹ́jú 10, ara á sì rọlẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ńkọ́? Ibẹ̀ ló ti ń dà mí láàmú jù, kọ̀ńdọ́kítọ̀ mi náà ò sì yé fẹ́ èéfín tiẹ̀ sí mi nímú (ọmọ burúkú!). Kí ni mo lè fi ara ṣe láì kúrò nídìí ọkọ̀? Ẹni tó ṣì ń wúkọ́ bíi tèmi ńkọ́, ṣé ó lè máa sáré láàárọ̀, àbí kí n kọ́kọ́ rí dókítà?