Alẹ́ tí ọmọ mi dákẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo rí ohun tí arábìnrin kan kọ láàárọ̀ yìí, pé ó di ọjọ́ kẹsàn-án tí ara ọmọ òun ti ń gbóná, inú sì ń run ún, ó ń wá àgbo tó dára. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé ọmọ yẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, lónìí.

Ọmọ ọdún 11 ni tèmi nígbà náà. A ra oògùn ibà, ara rẹ̀ tutù díẹ̀, ó tún gbóná. Oníkẹ́míìsì àdúgbò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní táífọ́ìdì ni, ó ń fa omi sí i lára, ó ń gún un lábẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ó figbe ta, ó di ikùn mú. Gbogbo ilé jí. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́, ó dákẹ́. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, inú ti rọ̀ ọ́. Mo sì sùn. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́, kò yíra padà. Ó ká eékún sókè, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, díẹ̀díẹ̀ ló ń mí. Mo tẹ ikùn rẹ̀: ó le bíi pákó. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

Dókítà tẹ ikùn yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí wọ́n ya X-ray rẹ̀ ní ìjókòó. Ó fi ìlà dúdú kan hàn mí lókè ẹ̀dọ̀. Afẹ́fẹ́ ni, inú ìfun ló yẹ kó wà. Ìfun ti lu.

Wọn ò gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀, mo sì ń pariwo lé wọn lórí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé omi ara rẹ̀ ti gbẹ tán. Tí wọ́n bá fún un ní oògùn oorun bẹ́ẹ̀, ó lè má jí. Wọ́n fi bíi wákàtí mẹ́rin fa omi sí i lára, wọ́n ki rọ́bà bọ imú rẹ̀ dé ikùn, wọ́n fún un ní ceftriaxone àti metronidazole, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn. Ihò méjì ni wọ́n bá, níbi tí ìfun kékeré ti fẹ́ pàdé ìfun ńlá. Wọ́n rán an, wọ́n fi omi iyọ̀ fọ inú rẹ̀. Ọgbẹ́ náà kẹ̀, ọjọ́ 23 la lò níbẹ̀.

Dókítà ní òpin ìfun kékeré gan-an ni kòkòrò táífọ́ìdì máa ń ba sí, àti pé láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta ni ìfun sábà máa ń lu. Jẹ̀funjẹ̀fun ni ìyá mi àgbà ń pè é. Orúkọ náà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àwa la ò gbọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ táífọ́ìdì tí wọ́n ń pè ní Widal nìkan kò tó ẹ̀rí, torí ẹni tó ti ní in rí lè ṣì gbé àmì rẹ̀ kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí ọmọ tó lo oògùn, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò máa hù níbẹ̀.

*Ìyá Ìbejì:* Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Tèmi kì í ṣe jẹ̀funjẹ̀fun. Oṣù márùn-ún ni inú fi ń lọ́ mi, aṣọ ń yọ̀ lára mi, òógùn ń bò mí lóru. Mi ò wúkọ́ rárá, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi ronú kan ikọ́ ife. Ìgbà tí wọ́n ti rọ́bà oníná gba ìdí dé òpin ìfun kékeré, tí wọ́n já ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ni wọ́n tó mọ̀ pé òun ló wọ ìfun mi. Oríṣi oògùn 4 fún oṣù 2, oríṣi 2 fún oṣù 4. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi nílé ìwòsàn ìjọba. Àyẹ̀wò yẹn ni mo sanwó rẹ̀, ó sì wọ́n. Ìtọ̀ mi pọ́n bí omi osùn, mo fẹ́ sá. Nọ́ọ̀sì ní oògùn ló fà á.

*Arábìnrin tó kọ̀wé láàárọ̀:* A ti wà lọ́nà. Ikùn rẹ̀ ṣì rọ̀.

Ẹ ṣeun. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tó ti lò dání. Ẹ sọ ọjọ́ tí ibà náà bẹ̀rẹ̀ gan-an fún wọn.