Iṣẹ́ abẹ ikùn, ara tó rù, àti ẹnu ẹbí

Nọ́ọ̀sì, Kàbà

Èkó tàbí Àbújá ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn tí wọ́n fi ń mú kí ẹni tó sanra jù fọn, ẹni tí wọ́n ṣe é fún kì í sì í sọ fún ará ilé. Nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà, á wálé wá sin òkú àgbà, gbogbo ẹbí á rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá á bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n á pe ọkọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, á ní kí ló ń fún un jẹ. Àwọn yòókù á máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé éèdì ni, ìtọ̀ súgà ni, ayé ló ń ṣe é.

Irun ló máa ń jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ éèdì yẹn gbọ́ jù. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà ni irun máa ń re, nítorí pé ara yára rù, purotéènì kò sì tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń hù padà bí oúnjẹ bá ti gún.

Ẹ sọ fún ìyá, fún ọkọ tàbí aya, àti fún ẹni tó ń dáná, kó tó di pé ó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ fi iye sọ ọ́. Nínú irú èyí tí wọ́n ń ṣe jù, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò. Èyí tó ṣẹ́ kù kì í gbà ju mílílítà 100 sí 150 lọ. Ẹni tó wọn kílò 130 lè di nǹkan bí 97 láàárín ọdún kan. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ń yára jù, nígbà tó bá sì fi máa di oṣù 12 sí 18, rírù náà á dúró. Ibi tó máa dúró sí yìí ni kẹ́ ẹ tẹnu mọ́ fún ìyá, torí ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọmọ òun á máa gbẹ lọ títí.

Oògùn ńkọ́? Ẹni tó ń gba ínsúlíìnì tàbí tó ń lo glibenclamide, oògùn ìtọ̀ súgà, ní ìwọ̀n àtijọ́ lè ṣubú lulẹ̀ torí pé súgà inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, ẹbí á sì ní àìsàn ló gbé e ṣánlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n dín in kù. Bí nǹkan bá ń dùn ún, parasitamó ni kẹ́ ẹ rà. Ibuprofen àti diclofenac lè dá egbò sí ikùn tí wọ́n ti gé.

Alásè, Ìsánlú

Okun o, nọ́ọ̀sì. Ìdí iyán ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó ti Àbújá dé tí kò jẹ iyán ìyá rẹ̀, ìyá á gbà pé ó kọ òun ni. Òkèlè iyán kì í ṣe ohun tí à ń fi eyín lọ̀. Gbígbé mì ni. Ó ń fà, á sì há sí ọ̀nà ikùn tí wọ́n ti gé di tóóró. Àyà á fún un, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á bì í.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nǹkan olómi nìkan ni: omi ẹja, mílíìkì tí kò lọ́ràá, ògì tó ṣàn tí kò ní súgà. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ohun tí ẹ lọ̀ kúnná. Láti ìkarùn-ún, ẹyin, ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, mọ́ínmọ́ín tó rọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì ló tó padà sí oúnjẹ líle. Kí iyán kẹ́yìn gbogbo wọn. Bí dókítà bá ní ètò tirẹ̀, tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Purotéènì tó nílò lóòjọ́ tó gíráàmù 60 sí 80. Nǹkan bí 6 ni ẹyin kan ní, nítorí náà ẹyin nìkan kò lè ṣe é. Ẹja ni kó kọ́kọ́ jẹ kó tó kan nǹkan mìíràn. Inú àwo kékeré ni kẹ́ ẹ bù ú sí. Bí ó bá jẹ́ àwo ńlá, èyí tó ṣẹ́ kù ló máa dun ìyá. Omi inú ọ̀rá mẹ́ta sí mẹ́rin ni kó mu lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú oúnjẹ; kó dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní mọ́ọ̀tì àti mílíìkì "kó lè lókun". Súgà yẹn á já wọ ìfun kíákíá, àgàgà lára ẹni tí wọ́n ṣe irú kejì fún, èyí tí wọ́n fi ń yí ọ̀nà oúnjẹ padà. Kó tó wákàtí kan, òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, inú rẹ̀ á ṣí. Ẹbí á wá ní, "Ẹ ò rí i bí? Àìsàn náà rèé."

Alàgbà ìjọ, Mọ̀pà

Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ààwẹ̀ gbígbẹ kún un. Bí ó bá ń bì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tí ó ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn. Fítámì B1 ló ti tán lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ilé àdúrà. Kí ẹni tó bá gbé e lọ tètè sọ pé wọ́n ti gé ikùn rẹ̀, torí fítámì náà ló yẹ kó ṣáájú omi gúlúkóòsì. Bó bá pẹ́ jù, ọpọlọ lè má bọ̀ sípò mọ́.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ ní sùúrù ọmọ fún oṣù 12 sí 18. Ara tó ń rù lè tètè lóyún, bẹ́ẹ̀ kò tíì ní ohun tó máa fi bọ́ ọmọ.

Aránṣọ, Ẹ̀gbẹ̀

Aṣọ tó ń já bọ́ léjìká wà lára ohun tó ń mú kí wọ́n rò pé ó ń ṣàìsàn. Ìró kò ní wàhálà, ríró la ń ró o. Bùbá ni kẹ́ ẹ mú wá ká fún un wọlé. Bí aṣọ ẹbí bá wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká wọn ọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú òde, kí ọwọ́ rẹ̀ sì gùn kọjá ìgúnpá, nítorí awọ apá máa ń rọ̀ sílẹ̀. Títí rírù náà á fi dúró, ẹ má rán ju èyí tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ.