Kí ló dé tí àwọn katakata ńlá kan fi mọ sí ẹyọ kan ṣoṣo?

Ọmọ Ọjọ́ọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ní ibi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe katakata lápá Ìwó Road níbí, irú ẹ̀rọ kan náà là ń rí lójoojúmọ́: katapílà D6 àti D8, gírédà àti páyélódà. Bí ọ̀kan bá dẹnu kọlẹ̀, ara èyí tó ti kú la ti máa ń tú nǹkan láti fi gbé e dìde. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n tóbi ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, tó jẹ́ pé wọ́n ṣe ẹyọ kan fi dán an wò, tí wọn kò sì ṣe òmíràn mọ́. Ṣé wọn kò ṣiṣẹ́ ni, àbí kí ló fà á? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Bàbá Gírédà, Mọ́níyà: Àbúrò, kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́kàn pé wọn kò ṣiṣẹ́. Wo Terex Titan, típà tí General Motors ṣe ní ìlú London tó wà ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, lọ́dún 1973. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rélùwéè onísílíńdà 16, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3,300 họ́ọ̀sìpáwà, ni wọ́n gbé sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í yí táyà fúnra rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló ń yí, iná tí jẹnẹrétọ̀ bá sì mú wá ló ń yí àwọn táyà ẹ̀yìn. Ó ń ru 350 tọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ fi í hàn ní Las Vegas lọ́dún 1974, ńṣe ni wọ́n tú u palẹ̀, tí wọ́n pín in sórí wágúnù rélùwéè mẹ́jọ. Lóòbẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ru ẹ̀rọ, tó gbé D8 kan ṣoṣo gba Mọ́kọ́lá kọjá, gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró fún un. Ẹ wá wo wàhálà tirẹ̀! Síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà irin ní California, wọ́n tún gbé e lọ sí ibi ìwakùsà èédú ní British Columbia lọ́dún 1978, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di 1991. Ẹ̀bá títì ní ìlú Sparwood, ní British Columbia náà, ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí báyìí fún àwọn èèyàn láti máa wò. Ọjà ohun àlùmọ́nì tó wálẹ̀ ló jẹ́ kí ó mọ sí ẹyọ kan.

Ẹnjinníà Bódìjà: Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ nípa Titan, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọjà nìkan ló ń pa wọ́n. LT-360 tí R. G. LeTourneau, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀rọ ńlá, ṣe ní Texas láàárín ọdún 1960 sí 1969 jẹ́ ẹ̀rí sí èyí. Ẹ̀rọ tí ń họ ilẹ̀, tí ń gbé e, tí ń lọ dà á síbòmíràn ni, wọ́n so mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì dísù mẹ́jọ ló sì ń fún un ní iná, tí mọ́tò oníná wà nínú táyà kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ agbára wọn lé ní 5,000 họ́ọ̀sìpáwà. Ẹni tó bá ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ńlá kan nù rí, tó tú fílítà rẹ̀, tó sì ń wá ibi tó ti ń jò lábẹ́ oòrùn, á mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì mẹ́jọ lórí ẹ̀rọ kan ń béèrè. Lójú tèmi, iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. LeTourneau kú lọ́dún 1969, àmọ́ mọ́tò inú táyà tó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sí kò bá a kú: òun náà ló wà nínú L-2350, lódà onítáyà tó tóbi jù lọ láyé, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gbé ohun tó lé ní 70 tọ́ọ̀nù. Ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Alábẹ Ológunẹ̀rú: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi ti òṣèlú kún un. Iléeṣẹ́ Umberto Acco ní Portogruaro, nílẹ̀ Ítálì, ṣe gírédà kan lọ́dún 1980 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí abẹ rẹ̀ gùn tó mítà 10. Abẹ gírédà tí à ń lò níbí kì í fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 4 lọ, bẹ́ẹ̀ ni bóòtù rẹ̀ ń ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lórí òkúta. Wọ́n tún ṣe katapílà kan tó wúwo ju 180 tọ́ọ̀nù lọ. Líbíà ni wọ́n ṣe méjèèjì fún, ṣùgbọ́n òfin tó ka bíbá Líbíà ṣòwò léèwọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀.

Ọmọ Ọjọ́ọ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló parí síbẹ̀ o. Iléeṣẹ́ Komatsu ti Japan pàtẹ katapílà D555A ní Houston lọ́dún 1981, àkókò náà kò sì dára fún títa ẹ̀rọ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò jù ú nù. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di D575A, nígbà tó sì di 1991 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.