Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi iṣẹ́ máàpù ilẹ̀ sílẹ̀ torí ẹranko igbó?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ìgbógbó ní Ikorodu níbí ni mo wà. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ igbó àti ẹranko, mo ṣe agùnbánirọ̀ tán mi ò ríṣẹ́ tó bá a mu, ni mo bá wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti wá mọ QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, dunjú. Owó ibẹ̀ ò pọ̀ àmọ́ ó ń wọlé.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni iṣẹ́ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tí ẹranko lè máa gbé. Wọ́n á kó àwọn ibi tí wọ́n ti rí i jọ, wọ́n á fi òjò, igbó, bó ṣe jìnnà sí títì sí i, kọ̀ǹpútà á wá sọ ibòmíì tó lè bá a lára mu. Mo fẹ́ ṣe é dé PhD kí n máa kọ́ọ̀yàn ní yunifásítì. Bàbá mi ní ṣé èmi tí mò ń fi máàpù jẹun ni mo fẹ́ lọ máa ka ọ̀bọ. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ másítàs níbí ni àbí kí n dúró de sikọ́láṣíìpù? Ṣé iṣẹ́ tiẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀?

Ìyá Ṣeun, Agric: Ọmọ mi, ta ló fẹ́ sanwó fún ẹ torí pé o mọ ibi tí ọ̀bọ ń sùn? Bàbá ẹ ò parọ́ o.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Màámi ẹ má bínú, àwọn tó ń sanwó ẹ̀ wà. Látọdún 1992 lòfin ti wà pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan ńlá, ì báà ṣe pọ́ọ̀tù tàbí ilé iṣẹ́ epo, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ohun tí iṣẹ́ yẹn máa ṣe fún àyíká wò. Ẹ sì rí gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ láti Ìbẹ̀jú dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Bóyá wọ́n ń ṣàyẹ̀wò ọ̀hún bó ṣe yẹ, ọjọ́ mìíì la máa sọ ìyẹn.

Bùọ̀dá Jámánì: Àbúrò, postdoc (iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn PhD) lèmi ń ṣe níbí, jẹ́ n sọ òótọ́ fún ẹ. QGIS tó o mọ̀ yẹn dáa, àmọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n máa tìtorí ẹ̀ gbà ẹ́. MaxEnt, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò yẹn, ti wà láti 2006, ọmọ ọdún kìíní lè tẹ̀ ẹ́ kí máàpù aláwọ̀ pupa àti búlúù jáde, wàhálà ibẹ̀ ni pé ibi tí títì wà làwọn èèyàn ti máa ń rí ẹranko, torí náà tó ò bá ṣọ́ra títì ni mọ́dẹ́ẹ̀lì ẹ, ìyẹn ìṣirò tí kọ̀ǹpútà bá ṣe, máa kọ́, kò ní kọ́ ẹranko. Pé o ò rí i níbì kan kò sì túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tá a fi ń padà lọ síbì kan náà léraléra. Tó o bá fẹ́ dán mọ́dẹ́ẹ̀lì ẹ wò, má kàn ṣa dátà lẹ́ṣà láti inú ibì kan náà o, torí àwọn ibi tó súnmọ́ra jọra, wàá máa rò pé mọ́dẹ́ẹ̀lì mọ̀wé nígbà tó jẹ́ pé ó ń jíwèé wò ni. Agbègbè kan lódindi ni kó o yọ sílẹ̀ fún ìdánwò yẹn. Kọ́ stats (ìṣirò dátà), kọ́ R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe é.

Ní ti iṣẹ́, kóńtíráàtì ọlọ́dún méjì mẹ́ta ni èyí tó pọ̀ jù. Òfin Jámánì fún wa lọ́dún 6 ṣáájú PhD àti 6 lẹ́yìn ẹ̀ láti máa ṣe irú kóńtíráàtì bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì, lẹ́yìn ìyẹn o wá ibi tó dúró àbí kó o kẹ́rù ẹ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, àmọ́ má fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ sílẹ̀ láìrí ẹni tó máa sanwó ẹ̀kọ́ ẹ.

Arábìnrin Ẹyẹ: Mi ò fara mọ́ kó jókòó máa dúró de òkè òkun o. APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ, wà ní Jos, másítàs conservation biology (ẹ̀kọ́ nípa dídáàbò bo ẹranko àti igbó) ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, pápá ni wọ́n sì ti ń kọ́ èèyàn. Àjọ Rufford náà ń fún ọ̀dọ́ lówó kékeré fún iṣẹ́ pápá. Láti Sátidé yìí, gba áàpù BirdLasser sórí fóònù ẹ kó o máa kọ ẹyẹ tó o bá rí fún Nigerian Bird Atlas, iṣẹ́ máàpù ẹyẹ Nàìjíríà, ẹni tí ò tíì kó dátà fúnra ẹ̀ rí kì í mọ ibi tí irọ́ máa ń sá pamọ́ sí nínú ẹ̀.

Alàgbà Ọ̀sà: Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ́ni. Manatee, ẹranko ńlá inú omi, wà nínú ọ̀sà Lẹ́kí, àwọn apẹja mọ ibi tó ti ń jẹ koríko. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n kẹ́ ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà jáde. Sátẹ́láìtì tẹ́ ẹ gbójú lé yẹn, lásìkò òjò ìkùukùu ló máa fi hàn yín.

Bùọ̀dá Jámánì: Ẹ ṣé sà. Sátẹ́láìtì Sentinel-1 tó ń lo rédà ń ríran kọjá ìkùukùu o, Sentinel-2 tó ń ya fọ́tò ni kò lè ríran kọjá ẹ̀. Àmọ́ òótọ́ lẹ sọ nípa àwọn apẹja.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á gbè yín. Mo máa kọ̀wé sí Jos lọ́sẹ̀ yìí, mi ò sì ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná. Bùọ̀dá, láptọ́ọ̀pù mi 4GB ni o, ṣé R máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀?

Bùọ̀dá Jámánì: Á ṣiṣẹ́, agbègbè kékeré ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Àwòrán sátẹ́láìtì ni kó o gbé lọ sí Google Earth Engine, kọ̀ǹpútà tiwọn ló máa ṣe làálàá ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ra dátà íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ o.