Orúnkún tí wọ́n pààrọ̀ kò ká kọjá ìwọ̀n (digiri) 75: ṣé ká dúró ni?

Ẹ̀yin onímọ̀ eegun àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú àgbàlagbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ẹni ọdún 71 ni. Ọ̀sẹ̀ 7 rèé tí wọ́n ti pààrọ̀ orúnkún ọ̀tún wọn. Ìwọ̀n 75 péré ló ń ká dé, ó sì ku ìwọ̀n 10 kó nà tán. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, kò gbóná, kò ṣomi. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò fi àkóràn hàn, X-ray sì fi hàn pé irin jókòó dáadáa.

Ìrọ̀rí abẹ́ orúnkún lóru la fura sí fún àìnàtán yẹn (ó ń tura lóòótọ́, àmọ́ ẹran ẹ̀yìn orúnkún á súnkì). A ti gbé e sábẹ́ gìgísẹ̀, ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Kíká gan-an ni wàhálà: àga ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lásán ń fẹ́ nǹkan bí 90.

Dókítà fẹ́ fi oògùn mú wọn sùn, kó fi ọwọ́ ká a kó tó pé ọ̀sẹ̀ 12, torí àpá inú á le jù lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n eegun wọn ti fúyẹ́, ó lè kán. Ṣé ká gbà báyìí, àbí ká fi eré ìdárayá dé ọ̀sẹ̀ 9 ná? Ìwọ̀n mélòó lẹ sábà ń rí gbà padà?