Ìmọ̀ràn: kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntìgùn tí mo fẹ́ máa gùn lọ sí ọgbà ẹ̀fọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá Ẹlẹ́wúro
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ewúro tí ọyẹ́ pa lórí ti ń rú láti ìdí. Mo ní ọgbà ẹ̀fọ́ kan lẹ́yìn ìlú, mo sì fẹ́ máa dé ibẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń dùn mí kò jẹ́ kí n lè tẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ lásán mọ́. Ọmọ mi fi fọ́tò irú kẹ̀kẹ́ kan hàn mí, ẹni tó ń gùn ún fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níwájú. Recumbent ni wọ́n ń pè é. Kẹ̀kẹ́ àlòkù méjì wà nílé, ọ̀kan ti àgbà, ọ̀kan ti ọmọdé, mo sì mọ wẹ́dà kan. Irú èwo ni kí n ní kó ṣe fún mi? Kí ni kí n sì kọ́kọ́ gbìn?

Ajórin
Bàbá, ẹ kú ìmúra. Irú rẹ̀ ti gba ọwọ́ mi kọjá. Èyí tó gùn ni kí ẹ ṣe, tí táyà iwájú wà níwájú pẹ́dààlì. Èyí kúkúrú, tí pẹ́dààlì yọ kọjá táyà, máa ń mì lábẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Táyà íǹṣì 26 ti àgbà ni kó wà lẹ́yìn, íǹṣì 20 ti ọmọdé níwájú. Ẹ má gbà kí wẹ́dà fi páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe egungun àárín. Abẹ́ ìjókòó àti ọrùn iwájú ló máa ń ṣẹ́, kó fi irin pẹlẹbẹ gbè é níbẹ̀.

Ìwọ̀n ẹsẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Kí wọ́n tó jó ohunkóhun pọ̀, ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ na ẹsẹ̀ bí ìgbà tí ẹ bá ń ti pẹ́dààlì. Orúnkún kò gbọdọ̀ nà tán, kó ṣì tẹ̀ díẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ara ògiri dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kí wọ́n sì lu ihò mélòó kan sára páìpù, kí ẹ lè sún ìjókòó síwájú sẹ́yìn, kí ẹ fi bóòtù dè é níbi tó bá yín lára mu. Rọ́bà inú táyà àtijọ́, tí ẹ bá gé e tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ sì hun ún, ló dáa jù fún ẹ̀yìn ìjókòó. Afẹ́fẹ́ á máa gbà á kọjá, òógùn ò ní bo ẹ̀yìn yín.

Ṣéènì kan ò ní tó o. Bíi méjì ààbọ̀ ni ẹ máa so pọ̀.

Ọmọ Akẹ̀sán
Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kí yín. Kí ló dé tí ẹ ò ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn? Kì í ṣubú, ó sì ń gbé ẹrù.

Ajórin
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Táyà kan á wà lójú ọ̀nà, èkejì á máa wọ́ nínú koríko. Títọ́ táyà iwájú méjèèjì sọ́nà kí wọ́n má máa jẹ ara wọn kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo wẹ́dà, owó rẹ̀ sì pọ̀.

Ọmọ Akẹ̀sán
Ó yé mi. Ẹ má jẹ́ kí ìjókòó sún mọ́ ilẹ̀ jù, Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ bí tírélà ṣe ń sáré lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, awakọ̀ ò ní rí i. Ẹ gba inú àdúgbò, kí ẹ sì fi àsíá pupa sórí ọ̀pá gíga lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkè: ẹ ò ní lè dìde dúró lórí pẹ́dààlì, nítorí náà, jíà tó fúyẹ́ ni kí ẹ wá.

Ajílété Ìlú Òyìnbó
Jámánì ni mo wà. Òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ níbí, igi ń rúwé, àwọn tó ní irú kẹ̀kẹ́ yìí sì ti ń gbé e jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé eré ọmọdé ni, ẹ sọ fún un pé ní 1933, ará Faransé kan, Francis Faure, gùn ún ju kìlómítà 45 lọ ní wákàtí kan, ó sì kọjá ohun tí Oscar Egg, ará Switzerland, ti fi kẹ̀kẹ́ lásán ṣe láti 1914. Charles Mochet ló ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Ní 1934, àjọ tó ń darí ìdíje kẹ̀kẹ́ lágbàáyé kọ irú kẹ̀kẹ́ yìí sílẹ̀ nínú ìdíje. Ó dùn mí títí di òní, torí ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn má mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn yín han dókítà o.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́
Ẹ ti fi kẹ̀kẹ́ gbàgbé ọgbà! Bàbá, ẹ má bá àkọ́rọ̀ sáré. Òjò lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tún dáwọ́ dúró, àgbàdo tó ti yọ á sì rọ. Ẹ wa ilẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ òkè nìkan ló tutù, ẹ ní sùúrù.

Ẹ̀fọ́ tí ẹ lè bomi rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kóró ewédú le, ó lè wà nílẹ̀ kó má hù. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́ sínú omi tútù, kí ẹ wá sá a níbòji kó gbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Ẹ po kóró tẹ̀tẹ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ, kó má baà dà sójú kan. Ewúro yẹn, ẹ gé gbogbo ẹ̀ka tó ti kú. Èyí tó bá ṣì tutù nínú ohun tí ẹ gé, ẹ gún un mọ́lẹ̀, á hù. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó ẹ̀fọ́, ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa.

Kí Ajórin sì bá yín ronú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, torí ẹ̀fọ́ á wá sílé.

Bàbá Ẹlẹ́wúro
Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ìbànújẹ́. Èyí gígùn ni mo mú, máa sì lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ajórin, ṣé ṣéènì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ò ní máa wọ́ nílẹ̀?

Ajórin
Á wọ́, bí ẹ ò bá gbé e. Bí ẹ bá rí jíà àlòkù, àwọn róólà kékeré méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ tú, kí wẹ́dà fi wọ́n sábẹ́ ìjókòó, kí ṣéènì máa gba orí wọn kọjá. Apẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Orí táyà ẹ̀yìn gan-an ni kó wà, kó má ga.