Ṣé èèpo ọsàn tí a lọ̀ kúnná lè dípò oògùn jẹ̀díjẹ̀dí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ bàbá mi lẹ́nu, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí wọ́n bá yàgbẹ́ tán, ẹ̀jẹ̀ pupa a máa kán sílẹ̀, ibẹ̀ a sì máa yún wọn. Dókítà kọ oògùn fún wọn. Ohun tó wà lára páálí ni diosmin 450 mg àti hesperidin 50 mg nínú hóró kan. Owó rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kà á níbì kan pé ara ọsàn ni wọ́n ti ń yọ hesperidin, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá èèpo ọsàn sórí páànù, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ fún wọn. Bàbá ní tiwọn kò fẹ́ fẹnu kan nǹkan ọsàn rárá, pé ohun dídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n tún ń lo nifedipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìyá Ẹlẹ́kọ: Èèpo ọsàn nínú ẹ̀kọ! Ẹ ba ẹ̀kọ jẹ́ o. Ẹ wá àgbo jẹ̀dí fún bàbá, ife kan láàárọ̀, ó parí.

Apòògùn Àdúgbò: Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ má bínú, ọtí ni wọ́n fi ń rẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àgbo yẹn. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́ ni kó máa mu ún láàárọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́. Awọ funfun tó wà lábẹ́ èèpo ọsàn ni hesperidin pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni Lebreton, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ti yọ ọ́ ní 1828. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí: hesperetin ni ara rẹ̀ gan-an, ṣúgà méjì, glucose àti rhamnose, ló so mọ́ ọn. Ṣúgà yẹn kì í jẹ́ kí ìfun kékeré rí i gbà. Ó di ìgbà tó bá dé ìfun ńlá, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ibẹ̀ bá gé ṣúgà náà kúrò, kí hesperetin tó ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kì í sì í fẹ́ yòrò nínú omi. Bí ẹ se èèpo ọsàn títí ilẹ̀ fi ṣú, inú háhá ni púpọ̀ rẹ̀ yóò kù sí.

Ti inú páálí yàtọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ hesperidin lára èèpo, wọ́n á mú háídírójìn méjì kúrò lára rẹ̀, ìyẹn ló ń di diosmin. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní micronised, wọ́n á tún lọ̀ ọ́ débi pé ẹyọ rẹ̀ kì í sábà tó máíkírọ́nù 2 (ẹgbẹ̀rún kan máíkírọ́nù ló wà nínú mìlímítà kan), kí ara lè tètè gbà á. Nígbà tí jẹ̀díjẹ̀dí bá ru sókè, hóró 6 lójúmọ́ fún ọjọ́ 4, lẹ́yìn náà 4 lójúmọ́ fún ọjọ́ 3, ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ṣíbí èèpo mélòó ló máa tó bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Dé ìwọ̀n kan. Àgbéyẹ̀wò tí Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, ṣe ní 2012, tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, rí i pé irú oògùn yìí ń dín ẹ̀jẹ̀ àti yíyún kù. Ti ìrora ni kò dájú.

Mo Fẹ́ Mọ̀: Hesperidin yìí náà ni wọ́n ń polówó lórí WhatsApp pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Aládùúgbò mi kan ti fẹ́ pa oògùn rẹ̀ tì.

Apòògùn Àdúgbò: Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìwádìí kan wà ní Faransé, ó jáde ní 2011: ọkùnrin 24 tó sanra díẹ̀ mu omi ọsàn 500 ml lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìfúnpá wọn sì wálẹ̀. Hesperidin nìkan náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara wọn le, wọn kì í ṣe aláìsàn. A kì í torí ìyẹn sọ oògùn nù.

Ìyá Ìbejì Àkúrẹ́: Nígbà oyún ni tèmi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, omi púpọ̀, kí n jókòó sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí n má sì gbé fóònù wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, ìyẹn ló tú mi sílẹ̀. Apòògùn, gíréèpù (grapefruit, irú ọsàn ńlá tó korò yẹn) ńkọ́? Wọ́n ní kì í bá oògùn rìn.

Apòògùn Àdúgbò: Òótọ́ ni, ó sì kan bàbá Ọmọ Ìjẹ̀bú. Naringin, ìbátan hesperidin, ló ń mú gíréèpù korò (hesperidin fúnra rẹ̀ kò korò). Ṣùgbọ́n àwọn èròjà mìíràn inú gíréèpù, tí wọ́n ń pè ní furanocoumarin, bíi bergamottin, ni ọ̀daràn gan-an. Wọ́n ń sé CYP3A4 mọ́, ìyẹn èròjà inú ìfun tó ń fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́, oògùn á wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Àṣìṣe ló tú u fó: David Bailey àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi omi gíréèpù bo ìtọ́wò ọtí mọ́lẹ̀ nínú ìwádìí kan lórí ọtí àti felodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, ni felodipine inú ẹ̀jẹ̀ bá ga kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1991. Nifedipine àti felodipine, ìdílé kan náà ni wọ́n. Kí bàbá má mu gíréèpù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ọsàn gidi wá ńkọ́?

Apòògùn Àdúgbò: Kí wọ́n mu ún, bí wọn kò bá ní àtọ̀gbẹ. Ìgbẹ́ líle tí èèyàn ń fipá ti jáde ló ń dá jẹ̀díjẹ̀dí sílẹ̀ jù, kì í ṣe adùn. Kí wọ́n má kàn fi ẹnu fa omi rẹ̀ kí wọ́n ju ìyókù nù. Kí wọ́n là á, kí wọ́n jẹ háhá rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ lára awọ funfun yẹn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Mo ti ń dúró kí ẹnìkan béèrè. Ṣé wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo inú ìfun bàbá? Jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ wá lẹ́yìn àgbàlagbà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Wọn ò jẹ́ kí dókítà yẹ àwọn wò rárá. Obìnrin ni dókítà, ojú tì wọ́n, ẹnu ni wọ́n fi ṣàlàyé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ béèrè fún dókítà ọkùnrin, wọ́n máa ń gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀yin ọkùnrin ilé tẹ̀ lé wọn lọ, kí ẹ̀gbọ́n yín dúró sílé lọ́jọ́ yẹn.